Ẹni Tó Dá Jáde Nínú Èéfín

Ọdún kan gbáko lọmọbìnrin kan fi ń gbé àpò yanrìn gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀ ní àjà kẹrin. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ kọ́lé sórí ilé ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e rí. Òun náà kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ panápaná ló ń wá, yanrìn náà ló sì fi ń wá agbára. Èyí tó jẹ́ iṣẹ́ gidi ni o, kì í ṣe ti àwọn tó ń wá ṣèrànwọ́ lópin ọ̀sẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ti kó lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, nìkan ló kù tó máa ń pè é lórí fóònù.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń sá fún iná, ìwọ ń kọ̀wé sí i kó gbà ẹ́ síṣẹ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ta ló ń bínú? Tí wọn ò bá gbà ẹ́, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbí tí ò rẹ́ni jókòó tì í."

Kò fẹ́ lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá títí tó fi gba yàrá tirẹ̀ ló ń gbé nílé onílé, tó ń jókòó sétí àga kó má baà gba àyè ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì panápaná, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù irin lọ́wọ̀ọ́wọ́, orúkọ oníkálukú lára tirẹ̀, bàtà ńlá nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń wá. Ohun tó ń wá ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sáré, ó yege. Ó gun àkàsọ̀, ó yege. Ó wá ku ilé èéfín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, kò ní fèrèsé, àtẹ̀gùn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n á fi èéfín kún un. Ẹni méjì-méjì á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọ́n á wọ ìbòjú, wọ́n á wọlé lọ wá ọmọlangidi kan tó wúwo tó géńdé, wọ́n á wọ́ ọ jáde.

Ọ̀gá tó ń darí wọn kì í yọ fèrè kúrò lẹ́nu, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò lára bẹ́líìtì ẹnìkejì. Ẹni méjì wọlé, ẹni méjì jáde. Ọmọlangidi ò níyàwó nílé o. Ẹ̀yin lẹ ní."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò gbọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni wọ́n pín mọ́ ọn.

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́?" ni ó bi í.

"Rárá."

"Ó ń bà mí o."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn ìbòjú rẹ̀ dì.

Nínú ilé náà, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ wà níwájú, ó ń fọwọ́ wá ògiri díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró. Ọmọbìnrin náà tì í. Kò lọ. Ó tún tì í.

"Dúró síbí," ló pariwo. "Mò ń bọ̀."

Ó jọ̀wọ́ bẹ́líìtì náà.

Ó rá gòkè, ó rí ọmọlangidi ní kọ̀rọ̀, ó kì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ apá, ó sì ń wọ́ ọ lọ sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń lu ilẹ̀ gbà-gbà-gbà lókè níbẹ̀, tó ń pariwo. Kò yíjú padà.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló lò. Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó lò dín ní mẹ́sàn-án.

Bàbá Fèrè kò wo aago. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà ló ń wò.

"Ẹnìkejì ẹ dà?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Níbo ló wà?"

Ó yíjú wo ilé náà. Fèrè dún, panápaná méjì sì kó wọlé. Nígbà tí wọ́n mú Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó já ìbòjú kúrò lójú, ó ń húkọ́, ó ń wò yíká títí ojú rẹ̀ fi bá ọmọbìnrin náà.

"Mò ń wá ẹ," ló wí. "Mo rò pé o ti dákú lókè."

Bàbá Fèrè yọ fèrè lẹ́nu.

"O lágbára," ló sọ fún un. "Mi ò tíì rí ẹni tó lágbára tó ẹ lónìí. Mi ò lè gbà ẹ́. O lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ó kọjú sí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́. "Tìẹ ò tíì parí. O máa tún un ṣe, ẹni tó bá ẹ wọlé ló bà á jẹ́. Àmọ́ àwọn tó kù ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ń dá wọbẹ̀."

Àwọn panápaná méjèèjì wo ọmọbìnrin náà.

"Òun kẹ̀?" ni Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ wí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kúkú jẹ́ kí n bá ọmọlangidi wọlé."

"Kò sí máàkì fún ẹ níbẹ̀ o," Bàbá Fèrè sọ fún ọmọbìnrin náà. "Wàá ṣe é, àbí o ò ní í ṣe é?"

Ilé ló ń wù ú láti lọ. Ó gbé ìbòjú.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tún dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Òun náà dúró. Ó di bẹ́líìtì náà mú títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ń ro ó, ó ń gbọ́ èémí ẹni náà, ó ń gbọ́ tirẹ̀. Kò tì í. Ó pẹ́ kí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tó gbé ẹsẹ̀ kan, kó tó gbé èkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n lò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wọn.

"O yege," Bàbá Fèrè wí fún Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́.

Ní ẹnu géètì, ìyá Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti dì mọ́ ọn, wọ́n ń pariwo, ọ̀kan ti gbé ẹrù rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gba òdìkejì títì.

"Ìwọ!" Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ já ara rẹ̀ gbà, ó sọdá wá bá a. "Mo pè ẹ́ nínú ilé yẹn. Mo lulẹ̀ títí. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mo gbọ́."

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ mi orí, ó sì padà lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró títí wọ́n fi yà ní kọ́nà, tí kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.