Ìlà Kejì

Bírò Dókítà Lérè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé kó tó tún gbé e sókè. Ó wo Ládépọ̀ lórí àga onítáyà, ó wo Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìlà méjì ló wà níbí. Ọ̀kan péré ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí."

Ọláníkẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ kó tó wakọ̀ wá láti Missouri City, ìlú tí wọ́n ń gbé lókè òkun, torí ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù láti fi ìwé owó orí ọdún 1985 ránṣẹ́. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ta á lólobó pé ìjọba máa ń dín owó orí kù fún aláìní tí àìsàn lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni náà kò tilẹ̀ tíì darúgbó, bí dókítà bá ti lè jẹ́rìí sí i. Ó ti lé lọ́dún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Ládépọ̀ ṣubú níbi tó ti ń jó irin. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́nu.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?" Ọláníkẹ́ béèrè.

"Ìlà kìíní ní àìsàn yìí yóò ju ọdún kan lọ. Bí mo bá fọwọ́ sí ìyẹn, ẹ lè ní láti tún wá gba ìwé tuntun. Ìlà kejì…" Dókítà fi bírò tọ́ka sí i. "Ìyẹn ní kò sí ìrètí pé yóò sàn láé. Ẹ ò ní nílò àtipadà wá."

"Ìlà kìíní ni," Ọláníkẹ́ sọ wàrà. "À ń gbàdúrà, Dókítà. Ìka rẹ̀ kan mì lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Ìka náà ni Dókítà ń wò.

Ládépọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu. Àwọn méjèèjì dúró dè é. Ọrùn rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kejì."

"Bàbá Wùmí, bóyá ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

"Mo… gbọ́." Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ìwé. "Kejì."

"Ohun tí èmi náà rí nìyẹn, mà," Dókítà sọ jẹ́jẹ́. "Ẹnu mi ni kò gbà á." Ó fọwọ́ sí i. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ọláníkẹ́ na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ já ìwé náà gbà, ó sì dá a padà. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Èèkù wo ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀? Ìjọba ti sọ tirẹ̀, dókítà ti sọ tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ pàápàá ti sọ tirẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì, ó sì dúpẹ́.

Wọ́n ti wọ freeway, òpópónà márosẹ̀, kí Ọláníkẹ́ tó sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Ládépọ̀ yí ojú sí fèrèsé. "Ó… pẹ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń jẹ́ kí n máa fi òróró wọ́ yín lápá láràárọ̀?"

Ọkọ̀ ńlá méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ládépọ̀ ń bá ẹnu rẹ̀ jà. Ọláníkẹ́ dín eré kù kó lè gbọ́.

"Kí… ìwọ… lè rí… oorun sùn."

Ọláníkẹ́ ń wakọ̀ lọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò lè nù ún. Láti ọdún méjì yìí, òun nìkan ló ń dúró de ìgbà tí apá náà máa gbéra.