Ojú Tó Là Nínú Yàrá Ìránṣọ

Iná kékeré kan ló tú àṣírí. Ó tàn lókè gíláàsì kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà, kò tóbi ju orí pínnì lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ètè di pínnì mú, ó ń fi téèpù wọn abẹ́ apá Tíṣà. Ó gbójú sókè kó lè tẹ iye tó wọ̀n sínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì bá iná náà pàdé.

Tíṣà kò wọ nǹkan kan láti ìbàdí lọ sókè.

Àwọn aránṣọ pọ̀ ládùúgbò bí eèrùn, ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ bí a ṣe ń rán ẹ̀wù fún obìnrin tí dókítà ti gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ. Á fi fóòmù àti òwú mọ èkejì sínú aṣọ, obìnrin náà á gbé e wọ̀, á gbórí sókè, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ọ̀kan nínú wọn ni Tíṣà. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, dókítà mọ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ̀. Àwọn ọmọ tí Tíṣà ń kọ́ nílé ìwé tó wà lẹ́yìn òpópónà yẹn kò mọ̀, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ṣe fẹ́ ẹ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fa aṣọ kan yọ nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ó jù ú bo kọ̀ǹpútà.

"Àbí òtútù ń mú un ni?" Tíṣà bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ara rẹ̀ kò yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọṣọ yín. Màá pè yín padà tó bá yá."

Bí Tíṣà ṣe jáde, Ìyá Abẹ́rẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù, ó ní iná kámẹ́rà kọ̀ǹpútà òun ń tàn láìjẹ́ pé òun tan kámẹ́rà. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni ti ìyẹn, Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Ẹ fà á yọ ná kí ẹ tó sọ̀rọ̀!"

Ó fà á yọ bí ẹni fa ọwọ́ ọmọ kúrò nínú iná. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ tó fi bo kọ̀ǹpútà bí ẹni pé nǹkan máa rá jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà sáré dé, ó ń mí gúlegúle. "Kí lẹ gbé sínú rẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

"N kò gbé nǹkan kan sí i."

"Àǹtí."

"Ó dáa. Lánàá, mo gba ètò kan tó máa ń ya bí a ó ṣe gé aṣọ. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni."

"Kọ̀ǹpútà kò kìlọ̀ fún yín?"

"Ó kìlọ̀. Àwọn tó fi ránṣẹ́ ló ní kí n kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ tó ń dènà ètò burúkú, pé ó máa ń fura sódì. Mo bá pa á."

Ẹnjiníà káwọ́ lérí. "Ẹ so ajá mọ́lẹ̀, ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún olè!"

"Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́! Ó ya apá ẹ̀wù fún mi láìṣe àṣìṣe kankan."

"Bí Trójánì, ètò olè tó ń fi iṣẹ́ rere bojú, ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í yọ́ wọlé bí èkúté. Ẹni tó nilé ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé, á tún dúpẹ́. Ó ń fi ọwọ́ kan yàwòrán fún yín, ó ń fi ìkejì ṣí kámẹ́rà. Ẹ sún sọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Rárá. Yí ojú rẹ sí ògiri."

"Ta ni? Èmi?"

"Ẹnu ni wàá fi tún un ṣe, ọwọ́ tèmi ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ojú ọkùnrin kankan kò ní rí i."

"Àǹtí, ṣebí dókítà máa ń wo aláìsàn."

"Dókítà tí aláìsàn bá gbà fún ni."

Ẹnjiníà yí àga rẹ̀ sí ògiri. Ó ní kó ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń ka orúkọ wọn jáde díẹ̀díẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń dáhùn: "Ìyẹn kò burú. Ẹ kọjá." Nígbà tó yá, ó ka ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ara kọ̀ǹpútà gan-an, àmọ́ inú àpò ètò ìgéṣọ àná ló ń gbé, òun ló sì ń jẹ agbára jù.

"Òun nìyẹn. Ẹ dá a dúró. Ẹ wá tọ̀ ọ́ lọ sílé rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kó pamọ́."

Ó ṣí àpò náà. Àwòrán ló kún ibẹ̀. Ó rí yàrá tirẹ̀ láti ibi tí ẹnì kankan kì í dúró sí. Ó rí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, pínnì lẹ́nu. Ó wá rí Tíṣà, àti ojú àpá náà gbangba.

"Kí lẹ rí?"

"Ṣé ó ti fi ránṣẹ́?"

"Irú wọn máa ń pa àwòrán rẹ́ bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ tán. Ó jọ pé èyí tẹ́ ẹ rí kò tíì lọ."

"Ṣé o lè búra?"

"N kò lè búra. Ẹ pa á rẹ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ̀rù ń ba Ìyá Abẹ́rẹ́ pé bí Tíṣà bá gbọ́, kò ní tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì bá a sọ̀rọ̀ kò ní wá. Ó tún ń bà á pé àwòrán náà lè yọjú sí fóònù ọmọ ilé ìwé kan lọ́jọ́ kan, kí ó bá Tíṣà lójijì níwájú kíláàsì. Ó gbé fóònù, ó pè é.

Nígbà tí Tíṣà dé, Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, títí dórí ẹ̀ṣọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Tíṣà wá ibi jókòó.

"Ta ló ti wò ó?"

"Nínú ilé yìí, èmi nìkan. Ògiri ni àbúrò mi ń wò látàárọ̀."

"Ọrùn ti ń ro mí, Mà," ni Ẹnjiníà wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Tíṣà dìde, ó wo àwọn àwòrán náà, ó sì fi ìka ara rẹ̀ pa gbogbo wọn rẹ́. Ẹnjiníà wá kọjú sí iṣẹ́. Ó tan kọ̀ǹpútà náà lọ́nà tí kìkì ètò tí kò lè ṣe láìní ni yóò fi jí, ó fi ètò inú fíláàṣì kan tó mọ́ wá inú rẹ̀, ó sì bá ètò olè mìíràn tó lúgọ síbi tí ìbá ti máa jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láràárọ̀. Ó mú un kúrò, ó tún wá a, kò rí nǹkan mọ́.

"Síbẹ̀, n kò fọkàn tán an," ó ní. "Màá gbé e lọ, màá pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ pátápátá, màá tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìpìlẹ̀. Àǹtí, ẹ fi fóònù yí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù yín padà."

Ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó jáde. Àwọn obìnrin méjèèjì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí kò fi dún mọ́.

"Ẹ̀wù mi ńkọ́?" Tíṣà bèèrè.

"Ó ku apá òsì. Mo ní láti tún un wọ̀n." Ó gbé ẹ̀wù náà sókè. "Bí ẹ bá ṣì fẹ́."

Tíṣà wo orí tábìlì tó ti ṣófo. Ó wo fèrèsé, ó wo ihò kọ́kọ́rọ́, ó kó fóònù tirẹ̀ àti ti Ìyá Abẹ́rẹ́, ó gbé wọn síta, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó wá ń tú bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó fa téèpù yọ. Tíṣà na ọwọ́, ó bá a di etí kan téèpù náà mú.