Òbúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Nà

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n pe ìpàdé náà sí gbọ̀ngàn àgọ́ kẹta, níbi tí àwọn ará Tibẹ́tì tó sá kúrò nílé ti ń gbin àgbàdo ní gúúsù Íńdíà láti ayé àwọn bàbá wọn. Ìpàdé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìwà àìjà ni wọ́n pè é, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹjọ́ òbúkọ ni. Ama Choezom tó ni òbúkọ ti jókòó síwájú pátápátá. Ó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ àdúrà rẹ̀, ohun kékeré tí wọ́n kọ àdúrà sínú rẹ̀, ó sì ń fi ojú wá ẹni tó máa bú.

Òbúkọ yìí kì í ṣe òbúkọ lásán. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀, Pala Lhakdor (Pala ni wọ́n ń pe bàbá, Ama ni ìyá), dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí dókítà ń mi orí, Ama Choezom lọ ra ẹran náà lọ́wọ́ alápatà, ó so rìbọ́nù pupa mọ́ ọn létí, ó sì tú u sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá dá ẹ̀mí ẹran sí, ẹ̀mí èèyàn rẹ̀ yóò gùn. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ tà á, nínà gan-an ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òbúkọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ọgbà Pala Namdak, aládùúgbò wọn, tí ń jẹ kábéèjì bí ọba. Bó ṣe ń jẹ ni Pala Lhakdor náà ń jẹun díẹ̀díẹ̀, tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Lójú ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n bá lé òbúkọ lọ, ọkọ òun náà ń lọ nìyẹn.

Lílé ni Namdak sì fẹ́ kí wọ́n lé e, lọ sí ibì kan tó jìnnà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Lhakdor tẹ́lẹ̀, kí ayò tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, tí wọn kò sì kí ara wọn mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òbúkọ ló tún gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn láràárọ̀, pẹ̀lú ariwo. Ṣùgbọ́n láàárín wọn níbẹ̀, bí ọ̀tá bá tẹ ilé ẹni, tíì oníbọ́tà ni à á kọ́kọ́ bù fún un, ife rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Namdak á bú wọn, á mu tíì, á tún bú wọn, Ama Choezom á tún bu òmíràn, títí oòrùn á fi mú. Lhakdor náà á máa fún un lésì láti orí ibùsùn.

Nyima Lhadon, ọ̀dọ́bìnrin tí ọ́fíìsì àgọ́ náà rán wá láti darí ìpàdé, na aṣọ funfun kan sókè.

“Ẹ̀yin òbí wa, ẹni tí aṣọ yìí bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló máa sọ̀rọ̀. A ò ní bú ẹnikẹ́ni, a ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí lára wa nìkan la máa sọ.”

Namdak gba aṣọ. “Ó rí lára mi,” ó ní, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, “pé ẹran òbúkọ yẹn á dùn tá a bá fi ìyẹ̀fun dì í ṣe momo jẹ.”

Gbọ̀ngàn dàrú. “Há! Ẹran àdásí!”

“Pala, ẹ jọ̀ọ́,” ni Nyima Lhadon ń bẹ̀ ẹ́, “ìyẹn kọ́ là ń pè ní bó ṣe rí lára.”

“Bó ṣe rí nínú ikùn mi nìyẹn.”

Ama Choezom já aṣọ gbà. “Ó rí lára tèmi náà pé àwọn kan láhun débi pé kábéèjì ń dùn wọ́n ju ẹ̀mí èèyàn lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ní irùngbọ̀n mọ ara ẹ̀.”

Nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, Namdak nìkan ló ní irùngbọ̀n. Ó fò dìde, ó gbàgbé aṣọ, ó gbàgbé àìjà. “Mò ń ti géètì mi! Irin ni mo fi ń há a! Ẹ bá mi bi í, ṣé òbúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ tó fi ń ṣí i ni?”

“Ẹ fún mi ní aṣọ yẹn,” ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Pala Lhakdor ni, lórí àga tí àwọn ará àdúgbò fi gbé e wá. Wọ́n na aṣọ sí i.

“Òbúkọ ò lọ́wọ́,” ó ní. “Èmi ni mo lọ́wọ́.”

Ama Choezom yíjú padà sí i. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí mò ń gbé omi fún lórí ibùsùn? Ẹ lè rìn?”

“Díẹ̀díẹ̀ ni. Tó o bá ti lọ yí tẹ́ńpìlì ká gbàdúrà láàárọ̀, mà á di ògiri mú, mà á lọ ṣí géètì.”

“Lhakdor, olè ni ọ́!” Namdak pariwo. “Kí ni kábéèjì mi fi ṣe ẹ́?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀, ṣé o yà wò mí? Ọjọ́ tí òbúkọ kọ́kọ́ jẹ kábéèjì ẹ lo tó wá. O bú mi títí, mo sì jẹun lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá jẹ ẹ́, ṣé wàá wá?”

Namdak jókòó.

Ó dun Ama Choezom wọra. Òbúkọ ni òun ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tó jẹ́ ẹni tí òun ń ṣépè fún nínú ọkàn lójoojúmọ́ ló ń gbé ọkọ òun dìde. Ojú tì í, inú sì tún bí i nítorí gbogbo omi tó ti gbé.

“Pala Namdak,” Nyima Lhadon rọra bi í, “báwo ló ṣe rí lára yín?”

“Bíi kí n gbá a létí,” ni Namdak wí, ó sì fi apá aṣọ nu ojú. Ó jáde láì wo ẹnikẹ́ni. Nyima Lhadon kò mọ bóyá kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjà ti parí àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, géètì Namdak wà ní títì, òbúkọ sì ń jẹ koríko bí ẹran gbogbo. Ama Choezom kò lọ sí tẹ́ńpìlì. Ó po tíì. Lhakdor ti wọ aṣọ, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn yọ, ẹnikẹ́ni kò wá. Tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, Ama Choezom gbé e padà sórí iná, kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ igbe lójú ọ̀nà.

“Lhakdor! Ìwọ olè yìí! Kí ló dé tí òbúkọ yín ò wá lónìí? Kábéèjì mi ò dáa tó mọ́ ni?”