Búùtù Tí Bàbá Ní Kí N Má Fọwọ́ Kàn

Àárọ̀ ni bàbá mi wa ọkọ̀ búlúù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n jókòó sórí àga onírin lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ni mo fẹ́ gbé e fún. Pa gbogbo rẹ̀ dán fún mi, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan búùtù ẹ̀yìn."

Onínúfùfù ni mí látilẹ̀wá, ọdún mọ́kàndínlógún sì rèé tí mo ti ń pa ọ̀dà ọkọ̀ dán. Ẹni tó ní kí n fi búùtù sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ní kí wọ́n fá apá kan orí òun. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni ni bàbá ẹni.

"Kò burú, Bàbá," mo dá wọn lóhùn. Ẹnu lásán ni.

Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo fi ìpara funfun sí fóòmù ẹnu ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ọ̀dà dán, mo sì tàn án. Ó ń yí, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Kùrukùru tí oòrùn ti kó sórí ọ̀dà náà láti ọjọ́ pípẹ́ ń ká kúrò díẹ̀díẹ̀. Òpó òrùlé kọ́kọ́ hàn lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà fèrèsé, lẹ́yìn náà àwọsánmà tó ń kọjá lóde, bí ẹni pé abẹ́ omi ni gbogbo wọn wà. Mo máa ń gbàgbé ara mi níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn kun ọkọ̀ yìí níwájú ilé wa. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹnìkan tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Àbúrò mi dákẹ́. Bàbá ní èmi ni, torí èmi ni olórí kunkun ilé. Wọ́n ní kí n lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè kọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún méje. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lẹ́nu bàbá mi: kí wọ́n sọ pé èmi kọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹnìkan ò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lè máa dun òtítọ́ lọ́nà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, búùtù nìkan ló kù. Kùrukùru tibẹ̀ nípọn ju ti ibi gbogbo lọ. Bàbá mi tí kì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìnu ọkọ̀!

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò fi nu ibí yìí rí?"

"Fi sílẹ̀, ìyá mi." Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo gbé ẹ̀rọ lé e.

Kùrukùru náà ká bí èémí tó ń gbẹ lójú dígí. Ìka kan yọ, òmíràn yọ, àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan wá hàn, ó rì sínú ọ̀dà. Ìka tó kéré jù níbẹ̀ wọ́ síta. Tèmi tọ́ gbọọrọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí ní ilé wa tí ìka rẹ̀ wọ́, àbúrò mi ni.

Mo pa ẹ̀rọ. Àwọsánmà ń rọra kọjá lórí ọwọ́ kékeré náà.

"Ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀," mo wí.

"Ọjọ́ kejì tí o lọ." Ohùn wọn dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. "Oòrùn tàn sí i, mo rí ìka tó wọ́ náà kedere. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ilé, ẹyin sì lohùn. Mo ní n ó lọ mú ọ lọ́la. Lọ́la, lọ́la. Ojú wá ń tì mí. Mi ò nu ibẹ̀ mọ́, kí n má baà máa rí i."

Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá ti dé ètè mi. Bàbá dìde, wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì ṣí fìlà.

"Má bínú," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìwọ kọ́."

Omi lé ròrò sí mi lójú.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá. Ariwo ẹ̀rọ yìí ò jẹ́ kí n gbọ́."

Wọ́n wo ẹ̀rọ tó ti kú lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì tún un sọ sókè.