Ta Ló Jẹ Pákó Afárá?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á sómi, sà!"

Kúnbi sáré dé etí odò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kubwa, ó di gálọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò ọwọ́ Díákónì Titus mú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pákó afárá kán mọ́ Màmá Rosemary lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìyá bọ́ sódò. Nígbà tí wọ́n tú pákó náà, wọ́n rí àwọn kòkòrò dúdú tó ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ni àwọn àgbà ìjọ bá dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ kúkú ni wọ́n máa ń tètè dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ omi yìí kan náà ló ń ṣàn wọ adágún ẹja ìyá Kúnbi nísàlẹ̀.

"Kúnbi, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," Titus wí.

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ń jẹ ẹ́." Ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ló kà ní yunifásítì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Ó fi abọ́ bu kòkòrò kan. "Ẹ wò ó, ó gbé ìdí sókè, ó gba afẹ́fẹ́ sábẹ́ ìyẹ́, ó tún rì. Tanwíji ló ń jẹ. Bó bá ń jẹ igi, ihò eyín rẹ̀ dà?"

Kò síhò. Kúnbi fọwọ́ ya pákó náà, ó fọ́ bíi búrẹ́dì àná. Fọ́nrán funfun kún inú rẹ̀.

"Ẹbí olú tí à ń fi sebẹ̀ nìyí. Kò lẹ́nu, kò léyín, omi ara rẹ̀ ló fi ń mú igi rọ̀ kó tó jẹ ẹ́. Kòkòrò yẹn ń wá afẹ́fẹ́ lójú omi. Èyí ń wá omi nínú igi."

"Kai! Ta ló wá bomi sínú pákó?" Titus bi í.

Kúnbi bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe Bàbá Ìjọ, dúró tì í. Nígbà ìkórè èṣí, wọ́n ra pákó tútù ní ọjà pákó Dei-Dei láàárọ̀, bàbá sì ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó lè dán lójú bíṣọ́ọ̀bù. Ojú ń ti Kúnbi fún un, ṣùgbọ́n ẹja ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ kú.

"Dádì, wọ́n kùn ún kó tó gbẹ. Ọ̀dà ló sé omi mọ́ ọn nínú."

Bàbá gba gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Titus, ó dé e.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kùn ún," ó wí. "Kúnbi, ìwọ lo máa bá wa yan pákó ní Sátidé."

"A máa sá a kó gbẹ ná kó tó gba ọ̀dà, sà."

"Ìkórè tọdún yìí ńkọ́?" Titus figbe ta. "Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀!"

"Kí bíṣọ́ọ̀bù gba orí pákó tí kò lọ́dà," bàbá dáhùn. "Ó sàn ju kó bọ́ sódò lọ."