Àgọ́ Tí Orrin Lọ Pa Sẹ́nu Igbó Jíjó

Signe kò tíì ṣe àmín tán tí Orrin fi mú àkàrà ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ kan, tó ká a, tó sì jù ú sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, àkọ́bí ilé Tveit, kò sì sí ẹni tí í sọ fún àkọ́bí ilé Tveit pé kó dúró de àmín. Signe parí àdúrà rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ òkè tí wọ́n fẹ́ lọ ṣọdẹ sórí tábìlì rẹ̀, ó fi ife kọfí tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìwé àṣẹ ọdẹ ló pa wọ́n pọ̀. Ní apá Montana tiwọn yìí, ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ pa akọ ẹ́líkì, àgbọ̀nrín ńlá orí òkè, á fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba á sì ṣẹ́ kèké. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kèké mú Signe rí, nígbà tí Arvid ọkọ rẹ̀ wà láyé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin ní kó dúró ti iná àgọ́. Wọ́n lọ, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ní kó wá so ìwé rẹ̀ mọ́ ìwo ẹran tí kò rí bó ṣe ṣubú. Bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìyàwó ló ni ìwé, ọkọ ló ni ìbọn. Kèké ti tún mú un báyìí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí eléyìí bá bọ́, kò sí òmíràn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ yìnbọn náà kí Ọlọ́run tó pè é sílé.

Ṣùgbọ́n Orrin ló ni ìbaaka. Akọ ẹ́líkì, abìwo-bí-ẹ̀ka-igi, afohùn-fèrè-jí-òkè, ẹran tí í gbé adé rìn nínú ìrì, kì í ṣe ehoro tí ènìyàn ń so mọ́ ìgbànú. Ta ni yóò rù ú sọ̀kalẹ̀?

"Ìyàwó," ni Orrin wí, "má da ara ẹ láàmú pẹ̀lú àwòrán yẹn. Mo ti mọ ibi tí à ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

"Kí n fi hàn ẹ́ kó o lè ṣe kí ni? Ìwọ tó o máa ń sọnù sínú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ibi tí mo ń sọnù sí yẹn, ẹ ò débẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú Arvid."

Orrin fi ìka rẹ̀ gún ibi tí iná ọdún tó kọjá ti jẹ igbó. "Koríko tuntun ti hù síbẹ̀ bí irun orí ìkókó. Àwọn ẹ́líkì á jẹ ẹ́ láàárọ̀, tí oòrùn bá mú, wọ́n á padà sínú igbó tí ò jó. Ìsun omi tó wà láàárín méjèèjì yìí ni wọ́n ń yà sí."

Òótọ́ ló sọ. Signe pàápàá ti rí wọn níbẹ̀ láti òdìkejì àfonífojì, pẹ̀lú awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú.

"Ibẹ̀ náà ni mo rò," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ká pàgọ́ sí, kí afẹ́fẹ́ má gbé òórùn wa bá wọn. Àwọn igi tó jó yẹn náà, òkú tó wà ní ìdúró ni wọ́n. Atẹ́gùn díẹ̀, wọ́n á wó lé wa lórí."

Orrin rẹ́rìn-ín. "Òkú igi ń bà ẹ́ lẹ́rù, ẹ́líkì lo fẹ́ lọ pa. Èmi ni n ó yìnbọn, Ìyàwó. Ìwọ á dáná."

"Òfin ní ẹni tó ni ìwé ni kó yìnbọn."

"Òfin ò ní ìbaaka."

Signe na ọwọ́ láti ká àwòrán náà. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára apá ẹ̀wù Orrin. Àwọn àgbà ní bí iná bá jóko, màjàlà a máa ṣòfófó: eérú dúdú kún ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà títí dé èjìká.

"Bọ̀ọ̀dá Orrin, ìgbà wo lẹ lọ sínú igbó jíjó?"

Kò tilẹ̀ fi pamọ́. "Mo ti pàgọ́ síbẹ̀, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń wọ́ wá síbí nígbà ọdẹ. O sì mọ̀ ọ́n: ẹni tí àgọ́ ẹ̀ bá kọ́kọ́ dúró ló nibẹ̀."

"Ẹ̀bá ìsun omi yẹn gan-an?"

"Etí ẹ̀ báyìí. Mo so ìbaaka mọ́bẹ̀, mo dáná, mo sùn."

Àṣà àfonífojì wọn ni lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tí í wó àgọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n dá àṣà náà sílẹ̀ láti lé, ẹ́líkì kò sì mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń lé.

"Ẹ ti lé wọn lọ," ni Signe wí.

"Wọ́n á padà."

"Síbi tí èéfín yín wà? Ẹni tó máa mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Ẹ̀yin ṣe bí onílẹ̀."

Ojú Orrin pọ́n. Ó dìde, àga rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn. "Bàbá mi ló kọ́ Arvid lọ́dẹ, Arvid ló kọ́ ẹ. Wá ẹni tó máa yá ẹ ní ìbaaka. Tèmi ò lọ."

Ó dúró, ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Signe gbé àga náà dìde.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú ìrìn."

"Níbo lo fẹ́ lọ?"

"Òkè."

Nígbà tí Orrin jáde, Signe tún wo àwòrán náà. Bí ìsun omi yẹn bá dí mọ́ ẹ́líkì, èwo ló kù? Odò tóóró kan wà ní ìlà oòrùn, níbi tí igbó jíjó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀nà àwọn agégi. Kò sẹ́ni tí í pàgọ́ síbẹ̀ nítorí eruku ọkọ̀. Ẹran tó bá ṣubú níbẹ̀, bí wọ́n bá kun ún, ẹ̀yìn ènìyàn lè gbé e dé ọ̀nà, itan kan lẹ́yìn òmíràn.

Ó lọ gbé férémù irin tí Arvid fi ń pọn ẹrù láti inú abà. Ó so àpò oúnjẹ adìyẹ kan mọ́ ọn ní àgbàlá, kó fi dán ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò, ó jókòó tì í, ó ki apá bọ okùn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, orúnkún kan kọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì balẹ̀.

Orrin kò tíì lọ. Ó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Òkú ẹ ni wọ́n máa lọ gbé sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀."

"Kí wọ́n ṣáà má fi ìbaaka yín gbé e."

Olúwa, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, gbé mi dìde lójú ẹni yìí. Ó fi ìkúùkù ti ilẹ̀, ó dìde. Ó rìn dé abà, ó fara ti ògiri kó lè mí, ó sì gbọ́ tí ọkọ̀ náà ṣí lọ. Ó tún so àpò kejì mọ́ ti àkọ́kọ́.