Ọwọ́ Òsì Bàlíkìsì

Bọ́ọ̀lù pupa náà fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mẹ́ta tó wà ní ìnàró, kò tilẹ̀ fara kàn wọ́n. Sàfúrátù na ọrùn láti orí àga tí wọ́n gbé fún un lábẹ́ igi máńgòrò. Kí ló dé tí igi fi jẹ́ mẹ́ta, tí kò jẹ́ méjì? Kí ló dé tí ọmọbìnrin tó di pákó mú kò fi sá, nígbà tí wọ́n ń sọ ohun líle bí òkúta sí i? Láti àárọ̀ ló ti ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí àwọn kan fi ń gba ẹ̀yìn igi lọ kó má baà rí wọn.

Bàlíkìsì, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ń ju bọ́ọ̀lù náà. Ekípù, ìyẹn ẹgbẹ́ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè wọn, fẹ́ lọ díje ní Kìgálì, níbi tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yóò ti pàdé, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù mẹ́fà ṣe dáadáa ní Kétu lónìí ni yóò gbà á. Bàbá ọmọ náà ti búra nílùú wọn, Idigny, pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, àfi bí ìyá òun bá fojú ara rẹ̀ rí eré tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wọ bàálù. Ìyẹn ló gbé Sàfúrátù gun alùpùpù láàárọ̀, tòun ti ìbẹ̀rù. Ó ti pinnu láti ilé pé òun á ní rárá. Ṣùgbọ́n eré náà ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó fẹ́ kí ọmọ náà lọ, ó kéré tán kó lè bọ̀ wá ròyìn.

Bọ́ọ̀lù kejì tún yà. Ìkẹta kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Prudence tó di pákó mú.

Solange, obìnrin Àjàṣẹ́ tó ń kọ́ wọn, rìn wá síbi àga, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara Bàlíkìsì yá?"

"Ó jẹun yó kó tó kúrò nílé. Kí ló ṣe?"

"Ọwọ́ òsì ló máa ń fi jù. Láti ọdún méjì, mi ò rí i kó fi ọ̀tún jù rí, àfi lónìí. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọlọ́wọ́ òsì kan ni mò ń wá, torí ẹni tó di pákó kì í mọ ibi tí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ máa gbà yọ. Tó bá ń bá a lọ báyìí, mi ò lè mú un."

Òsì kẹ̀? Nígbà tí Bàlíkìsì wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ló fi àkísà di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìbàdí, nídìí gbogbo oúnjẹ, títí ọ̀tún fi mọ ọ̀nà ẹnu. Kò sí ọmọ kan lágbo ilé wọn tí wọn kò sọ fún pé ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ó sì ti ń dunnú láti ọdún mẹ́rìnlá wá pé ẹ̀kọ́ náà wọlé.

Àṣé nílé nìkan ló wọlé. Níbí, lójú ìyá àgbà rẹ̀, ọmọ náà fẹ́ tìtorí ọ̀wọ̀ sọ Kìgálì nù. Ojú ti Sàfúrátù.

Kò tíì mọ ohun tó máa ṣe tí Prudence fi gbá bọ́ọ̀lù kẹrin, pàù! Ó yí gbirigbiri wá títí dé ẹsẹ̀ àga. Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó wúwo ju bó ti rò lọ. Bàlíkìsì sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, kò sì wo ojú ìyá àgbà.

Òwe kan tí Sàfúrátù máa ń fi pẹ̀tù sí ìjà àwọn ìyàwó ilé sọ sí i lọ́kàn: ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Ó ti pa á títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, kò sì ronú kan ọwọ́ gan-an rí.

Ó gbé bọ́ọ̀lù náà sí ọwọ́ òsì ara rẹ̀, ó nà án sí ọmọ náà.

Ọkùnrin kan nítòsí ké "Háà!" Láyé rẹ̀, Sàfúrátù kò fi ọwọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí, àní omi lásán.

"Ìyá àgbà?"

"Gbà á bó ṣe wá. Ṣé èèyàn lo fẹ́ fún lóúnjẹ ni? Igi lo fẹ́ wó."

Bàlíkìsì fi òsì gbà á.

Bọ́ọ̀lù karùn-ún balẹ̀, ó ṣẹ́rí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Prudence gbá afẹ́fẹ́, igi àárín sì fò. Ìkẹfà tún wó òmíràn. Gbogbo pápá hó. Sàfúrátù dìde lórí orúnkún tó ti ń dùn ún tipẹ́, ó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Solange fa bírò yọ, ó kọ orúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Sàfúrátù padà jókòó, ó ń wo ọmọ náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òsì ló fi nu òógùn ojú. Òsì ló fi gbá Prudence léjìká, òsì náà ló fi gbé ike omi sẹ́nu, ara rẹ̀ tú bí Sàfúrátù kò ti rí i rí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti jọ ń gbé inú ilé kan.

Bàlíkìsì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ mélòó kan kó dé, ó sún ike omi náà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó dà bíi pé òun pàápàá kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Sàfúrátù, tí ìbéèrè kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tí èèyàn ti í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tí òun kò tíì mọ̀.